Owó Yunifásítì, Ìfẹ̀hónúhàn Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ibi tí Ìpinnu Wà: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Ará Ifọ̀n àti Agbègbè Ọ̀sẹ̀

 

Kí àfikún owó yunifásítì tó di àkọlé nínú ìwé ìròyìn, ó ti máa ń di ọ̀rọ̀ láàárín ọkọ àti aya ní Ifọ̀n. Ọmọ á pè láti Àkùngbá, níbi tí yunifásítì ìpínlẹ̀ Oǹdó wà, pé iye tuntun ti jáde, pé ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ sì ti sún mọ́lé. Bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò kòkó tí kò tíì gbẹ. Ìyá á tọ olórí àjọ lọ bóyá wọ́n lè jẹ́ kí òun kó ṣáájú ẹni tó kàn. Ẹbí kan á dábàá pé kí ọmọ náà kúkú jókòó sílé fún ọdún kan ná. Ibi tí wọ́n ti ń rò ó lọ, rò ó bọ̀ ni ọmọ á tún ti pè: gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde lọ́la, òun náà ń bá wọn lọ.

Ìjáde yẹn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé lórí. Kí ni ìfẹ̀hónúhàn ti rí gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn? Kí ni kò rí gbà? Ìdáhùn tí ìtàn fún wa ni pé ìfẹ̀hónúhàn a máa dá iye owó dúró, nígbà mìíràn a tilẹ̀ máa dá a padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí owó náà fi ń gòkè kì í sábà mì, nítorí pé ẹnu géètì yunifásítì kọ́ ni wọ́n ti ń pinnu rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, àti òbí tó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun gbà tàbí kí òun kọ̀, ó yẹ kí wọ́n mọ ìyàtọ̀ yìí.

Ilé ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ Ajásin

Ìtàn yìí kò jìnnà sí wa. Ní Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1951, ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ní gbangba. Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Imade College nígbà náà, ló kọ àbá lórí ètò ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ náà gbé dání. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Láàárín ọdún kan, iye ọmọ tó wà nílé ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tó lé ní 811,000. Ọ̀pọ̀ àgbà tó wà ní Ifọ̀n àti Ìdóàní lónìí, inú ètò yẹn ni wọ́n ti mọ ìwé.

Nígbà tí Ajásin di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN lọ́dún 1979, kò pa èrò yẹn tì. Ìjọba rẹ̀ ló dá yunifásítì ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì lọ́dún 1982, nígbà tí Oǹdó àti Èkìtì ṣì jọ wà pọ̀. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ lọ́dún 1996, ọ̀dọ̀ wọn ni yunifásítì náà wà. Oǹdó wá dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Àkùngbá-Àkókó lọ́dún 1999, lásìkò gómìnà Adébáyọ̀ Adéfaratì, wọ́n sì fi orúkọ Ajásin pè é lọ́dún 2004, ọdún méje lẹ́yìn tí bàbá náà jáde láyé.

Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe rí. Lọ́dún 2018, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì yìí kan náà jáde nítorí àfikún owó ilé ẹ̀kọ́, ariwo wọn sì dé Àkúrẹ́, olú ìlú ìpínlẹ̀. Gómìnà tó wà lórí àga nígbà náà, Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni òun náà. Orúkọ ẹni tó kọ àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà lórí géètì, ọmọ ìlú rẹ̀ wà nílé ìjọba, àwọn ọmọ àgbẹ̀ sì wà lójú títì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀, wọ́n dín iye tí wọ́n kọ́kọ́ kéde kù. Wọn kò dá a padà sí iye àtijọ́.

Ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ borí nígbà náà, àbí wọn kò borí? Kí á tó dáhùn, ó yẹ kí á wo àwọn tó ti jáde ṣáájú wọn.

Àwọn tó jáde ṣáájú

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ẹ jẹ́ kí á fi bẹ̀rẹ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, lóṣù kìíní ọdún 1971, inú ń bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí bí wọ́n ṣe ń bọ́ wọn ní gbọ̀ngàn ìjẹun. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ọlọ́pàá wọ inú ọgbà, ìbọn dún, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Kúnlé Adépéjú sì kú. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ́ ní Ìbàdàn.

Ọdún méje lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀ ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1977, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé dáadáa, ìjọba ológun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kò ní san owó ẹ̀kọ́ mọ́. Kò pé ọdún kan tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Lóṣù kẹrin ọdún 1978, wọ́n kéde pé oúnjẹ òòjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san 50 kọ́bọ̀ lé lórí yóò di náírà kan àti 50 kọ́bọ̀, ilé gbígbé yóò sì kúrò ní 30 náírà, yóò di 90 náírà. Owó ẹ̀kọ́ ṣì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìwé; ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà wọlé.

Kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali, ìdí nìyẹn tí igbe fi di "Ali Must Go". Ṣẹ́gun Òkèowó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, ni ààrẹ ẹgbẹ́ NUNS tó kó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà pọ̀. Ní Èkó, ìbọn pa Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Ní Zaria, ní Yunifásítì Ahmadu Bello, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ náà. Ìjọba fòfin de NUNS, wọ́n lé Òkèowó kúrò nílé ẹ̀kọ́. J. F. Adé Àjàyí, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ìtàn tó jẹ́ gíwá Yunifásítì Èkó, pàdánù ipò rẹ̀. Ní Ìbàdàn àti ní Calabar, àwọn olùkọ́ tí ìjọba fura sí pé wọ́n ń ti akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn pàdánù iṣẹ́ wọn. Gani Fawẹ́hinmi, ọmọ Oǹdó, wà lára àwọn agbẹjọ́rò tó gbèjà akẹ́kọ̀ọ́.

Òkèowó padà parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀, ó sì di olùkọ́. Lọ́dún 1980, ẹgbẹ́ tuntun, NANS, dìde láti rọ́pò NUNS. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tí ìjọba gbà lọ́dún 1978 kò tíì dí. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ṣì ń sọ lónìí pé àwọn kì í gba owó ẹ̀kọ́. Owó ìdánwò, owó ilé ìkàwé, owó ìlera, owó iná àti omi, owó yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ń gbà. Nígbà tí Yunifásítì Èkó kéde iye tuntun lọ́dún 2023, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ní kó san 126,325 náírà, níbi tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti ń san nǹkan bí 19,000. Akẹ́kọ̀ọ́ jáde lóṣù kẹsàn-án, ọlọ́pàá mú díẹ̀ nínú wọn, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé, yunifásítì gé díẹ̀ kúrò. Kò sí ẹni tó gbọ́ 19,000 mọ́.

Àwọn tó rí gbogbo rẹ̀ gbà padà

Ìtàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, yàtọ̀, ó sì yẹ kí á dúró lé e lórí díẹ̀.

Lọ́dún 2011, lábẹ́ gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, owó LASU kúrò ní 25,000 náírà, ó sì di iye tó wà láàárín 193,750 àti 348,750, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bá ṣe rí. Ìjọba ṣe ohun kan tó gbọ́n: àwọn tó ń wọlé bọ̀ nìkan ni wọ́n gbé ẹrù náà lé. Àwọn tó ti wà nílé ẹ̀kọ́ ṣì ń san 25,000. Àwọn tó lágbára láti pariwo kò jìyà, àwọn tó ń jìyà kò tíì wọlé. Ọdún kan kọjá, èkejì kọjá. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo ní àwọn ẹ̀ka kan nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí gbé ọmọ wọn lọ sí ibòmíràn.

Lóṣù kìíní ọdún 2014 ni ọ̀rọ̀ bẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ jáde, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Nígbà tó yá, ìjọba ní àwọn yóò dín in kù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní rárá. Lóṣù kẹjọ ọdún náà, ìjọba dá owó padà sí 25,000.

Kí ló fà á tí wọ́n fi borí? Ariwo nìkan kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iye kan lẹ́nu, wọn kò sì yí i padà: 25,000. Àwọn olùkọ́ bá wọn sọ ọ́. Àga tó ṣófo jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n ń sọ, kò sì sí ẹni tó lè pè é ní ẹ̀sùn ọmọdé. Pabanbarì rẹ̀, ìdìbò ọdún 2015 ti ń kan ìlẹ̀kùn. Kò sí olóṣèlú tó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ wọ inú ìpolongo.

South Africa fi apá kejì ọ̀rọ̀ náà hàn wá. Lóṣù kẹwàá ọdún 2015, nígbà tí Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg fẹ́ fi ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó, ìfẹ̀hónúhàn tan káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dúró sí ẹnu géètì. Wọ́n lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Cape Town, wọ́n sì lọ sí ilé ìjọba ní Pretoria. Níbẹ̀ ni ààrẹ Jacob Zuma ti kéde ní ọjọ́ 23 oṣù náà pé kò ní sí àfikún kankan lọ́dún 2016. Ní ìparí ọdún 2017, ìjọba kan náà kéde pé ọmọ tí owó tó ń wọlé fún ìdílé rẹ̀ lọ́dún kò bá ju 350,000 rand lọ yóò gba ìrànlọ́wọ́ tí kò ní san padà. Wàhálà kò tán níbẹ̀, ilé ṣì jó, wọ́n sì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kúrò nílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé dé ibi tí wọ́n ti ń pín owó ìlú ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti wa.

Kí ló ń ti owó sókè?

Kò di dandan kí gíwá tó bá fi owó kún owó jẹ́ ìkà. Yunifásítì ìpínlẹ̀ ní ọ̀nà díẹ̀ tí owó ń gbà wọlé. Èkíní ni owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń fún un lóṣooṣù, tí apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń bá owó oṣù òṣìṣẹ́ lọ. Èkejì ni TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń gba owó rẹ̀ láti inú owó orí èrè àwọn ilé iṣẹ́. TETFund ló kọ́ púpọ̀ nínú ilé ńlá tí ẹ ń rí nínú ọgbà yunifásítì wa, òun náà ló ń rán olùkọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kì í san owó oṣù, kì í ra dísù sínú ẹ̀rọ amúnáwá. Nítorí náà ni ilé ẹ̀kọ́ kan ṣe lè ní gbọ̀ngàn tuntun tó ń dán, kí ó má sì rí owó iná gbọ̀ngàn ọ̀hún san.

Ọ̀nà kẹta ni àpò òbí. Bí owó kò bá gba ọ̀nà àkọ́kọ́ wọlé tó, ọ̀nà kẹta ló máa ń gbà. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó dísù, bébà àti kẹ́míkà kò dúró sójú kan. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó ń rí iná lò jù, tí wọ́n ń pè ní Band A, fò láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 náírà fún ẹyọ kan, yunifásítì púpọ̀ sì ké gbàjarè.

Ẹrù kan náà ló ń wọ àwọn òbí lọ́rùn. Ọkọ̀ láti Ifọ̀n sí Ọ̀wọ̀ gbówó lórí, láti Ọ̀wọ̀ sí Àkùngbá náà gbówó lórí. Ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé kò jẹ́ kí àgbẹ̀ ráyè dé oko ọ̀nà jíjìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ń dín kù ni wọ́n ní kó fi kún ohun tó ń san.

Ẹ̀tọ́ ẹni tó bá jáde

Òfin ilẹ̀ wa kò sọ ìfẹ̀hónúhàn di ẹ̀ṣẹ̀. Abala 40 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti péjọ ní àlàáfíà. Lọ́dún 2007, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dájọ́, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP pe ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó tó lè ṣe ìwọ́de àlàáfíà. Abala 18 sọ pé kí ìjọba sapá láti mú kí ẹ̀kọ́ yunifásítì di ọ̀fẹ́ nígbà tí agbára bá ká a. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n apá kejì ìwé òfin ló wà, apá yẹn kò sì ṣeé gbé lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọba mú un ṣẹ, ọ̀nà òṣèlú ló ní.

Ẹjọ́ kan tún wà tó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀: Garba àti Yunifásítì Maiduguri, tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ dá lọ́dún 1986. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 1983, yunifásítì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn iná sísun àti olè kàn. Igbákejì gíwá tí wọ́n dáná sun ilé rẹ̀ ló sì ṣe alága ìwádìí. Àwọn adájọ́ ní ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò lè jókòó dájọ́ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, pé ẹ̀sùn ọ̀daràn, ilé ẹjọ́ ló ni ín, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà padà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kì í dá mọ́tò dúró. Ojú títì tó kọjá níwájú yunifásítì ní Àkùngbá, ọ̀nà àwọn ọkọ̀ àjàgbé ni. Lóṣù kìíní ọdún 2021, ọ̀kan nínú wọn já wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù iwájú ọgbà, ó pa ènìyàn, akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára àwọn tó kú. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń gbèrò láti dí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni kó kọ́kọ́ yanjú: ta ni yóò dúró lókèèrè láti kìlọ̀ fún awakọ̀, ta ni yóò lé àwọn jàǹdùkú tó bá fẹ́ wọ àárín wọn, ta ni nọ́ńbà agbẹjọ́rò wà lọ́wọ́ rẹ̀? Gbogbo ìyá tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i kí ọmọ òun jáde ló yẹ kó béèrè èyí.

Kí oṣù kẹwàá tó kọjá

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sábà máa ń jáde nígbà tí owó ti jáde tán. Nígbà yẹn, wọ́n ti ṣe ìṣirò ọdún náà tán ní Àkúrẹ́. Gómìnà ni Visitor, ìyẹn alábòójútó àgbà, fún yunifásítì ìpínlẹ̀, òun ló ń yan alága ìgbìmọ̀ alákòóso rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń kọ iye tí yóò fún yunifásítì sínú ìṣúná, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló sì ń fọwọ́ sí i, lápá ìparí ọdún. Àgbègbè Ọ̀sẹ̀ ní aṣojú kan nínú ilé ìgbìmọ̀ yẹn. Ní Àbújá, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ jọ ní aṣojú kan, wọ́n sì wà lára Àríwá Oǹdó tó ní sẹ́nétọ̀ kan. Ẹni mẹ́ta nìyẹn tí gbogbo ìyá ọlọ́jà Ifọ̀n mọ orúkọ wọn. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù: oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ló yẹ kí òbí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìjọ àti mọ́sáláṣí, pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ifọ̀n, jọ kọ̀wé sí wọn.

Kí ni kí ìwé náà béèrè? Èkíní, èló ni ìṣúná ọdún tó kọjá kọ fún yunifásítì, èló ló sì dé ọwọ́ rẹ̀ ní tòótọ́? Èkejì, èló ni akẹ́kọ̀ọ́ ń san lápapọ̀, orí kí ni wọ́n ń ná an sí? Òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba wà láti ọdún 2011, ọjọ́ méje ló sì fún ilé iṣẹ́ ìjọba láti fèsì. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ yìí kò kan àwọn. Láti ìpínlẹ̀ Oǹdó gan-an ni ìdáhùn ti wá: ọmọ ìlú kan béèrè àkọsílẹ̀ ìṣirò owó ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò, wọ́n kọ̀ fún un, ó gbé ẹjọ́ lọ, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà ní Àkúrẹ́ sì dájọ́ lóṣù kẹta ọdún 2018 pé òfin náà de ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Ní báyìí ná, ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Owó yíyá akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀, tí àjọ NELFUND ń bójú tó, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024, ó sì kan akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìpínlẹ̀. Kò ní èlé. Àjọ náà ń san owó ilé ẹ̀kọ́ tààrà sí àpò yunifásítì, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní 20,000 náírà lóṣù fún oúnjẹ àti ilé. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrú ìlú ni ìsanpadà ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹni náà bá ti rí iṣẹ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò sì máa yọ.

Gbèsè ṣì ni. Bí owó ilé ẹ̀kọ́ bá tún gòkè lọ́dún tó ń bọ̀, gbèsè ọmọ náà ni yóò bá a gòkè, kò sì ní sí ariwo kankan lójú títì, nítorí pé kò sí ẹni tí wọ́n ní kó mú owó wá lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyí tí ìwé tó ń lọ sí Àkúrẹ́ kò fi gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí ọmọ bá tún pè láti Àkùngbá, tí aṣojú Ọ̀sẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wá sí Ifọ̀n lẹ́yìn ìjókòó ìṣúná láti sọ, lójú gbogbo ènìyàn, iye tí òun dìbò fún.